Dá Ojú Ìyá Sùlé Padà fún Un

Ṣakí,
Ọjọ́ Àtàlátà, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Rùkáyátù Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Mi ò ní fi bí ara ṣe rí bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, torí ara mi ò balẹ̀, ìwọ náà sì mọ ìdí rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Mo ti bá a kí ọ. Ó ku èmi àti ìwọ.

Lẹ́ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lórí fóònù lánàá. Nígbà àkọ́kọ́, o ní oníbàárà wà níwájú rẹ. Nígbà kejì, o gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì, o ní, "Bàbá, ayé ti yí padà, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi." Lẹ́yìn náà lo wá sọ èyí tí kò jẹ́ kí n lè jẹun: o ní kọ̀ǹpútà rẹ ti kún, pé bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, o máa pa gbogbo fọ́tò àkọ́yà rẹ́, ìyẹn àwọn fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe yà wọ́n gan-an kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n, kí o lè rí àyè fún iṣẹ́ tuntun. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé. Mi ò kọ ọ́ sórí Wáásáàpù, torí o máa ka ìlà méjì, o máa fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé ránṣẹ́ sí mi, o máa gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Bébà ni èyí. Awakọ̀ tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn yóò fi lé ọ lọ́wọ́ lọ́la. Jókòó kà á. Má sì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà náà títí wàá fi kà á tán.

O mọ Ìyá Sùlé, obìnrin Àgọ́-Àrẹ tó ń ta òrí. Òrí rẹ̀ ni ìyá rẹ fi pa ọ́ lára lọ́jọ́ tí a bí ọ. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó wá bá mi pé àwọn ọmọ òun ní kí òun wá ike tuntun fún òrí òun, kí ojú òun wà lórí ìdérí rẹ̀, kí àwọn tó ń rà á lọ sí ọ̀nà jíjìn lè mọ̀ pé ti òun ni. Mo ní, "Ọmọ mi ń ṣe irú rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Fọ́tò bírándì ni wọ́n ń pè é."

Ó ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Òun ni pé kí èèyàn rí ojú yín kó mọ ọjà yín, kó sì rí ọjà yín kó mọ ojú yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ojú tèmi yìí?"

Mo ní ojú yín náà ni. Àjíkẹ́, ẹnu mi ni mo fi ṣe ìlérí yẹn. Ìwọ lo wá sọ mí di onírọ́.

Lánàá, kí n tó pè ọ́, obìnrin yẹn dé ilé wa. Kò jókòó. Ó gbé ike òrí kan ka orí tábìlì mi, ó yí ìdérí rẹ̀ sí mi.

"Bàbá Rùkáyátù, ta nìyí?"

Mo wọ awò ojú mi. Mo mọ aṣọ rẹ̀, mo mọ gèlè rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni?"

"Èmi kẹ̀! Ẹ wò mí, kí ẹ wá wò ó. Ibo ni ilà mi wà?"

Ó fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àbàjà mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. "Mo jẹ oró ilà yìí ní kékeré, ìyá mi sì bá mi sunkún. Ọmọ yín wá nù ún dànù bí ẹni nu epo lẹ́nu àwo."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ó sọ mí di pupa! Èmi tí mò ń fi gbogbo ẹnu sọ lọ́jà pé òrí nìkan ni mo fi ń para látìgbà tí wọ́n ti bí mi! Obìnrin kan wá láti Òkaka, ó gbé ike wò, ó ní, 'Ìyá, ẹ ní àbúrò tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ báyìí, ẹ ò fi hàn wá.' Mo rẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì ní, 'Háà, Ìyá Sùlé ti ń bóra o.' Mo tún rẹ́rìn-ín. Ẹnì kẹta ló wá pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, 'Ẹ má bínú, Ìyá, wọ́n ní ẹ ti ń po ìpara ìbóra mọ́ òrí. Mi ò lè fi pa ọmọ mi.' Bàbá Rùkáyátù, mo ti ń fi òrí pa ọmọ ìlú yìí kí wọ́n tó bí ìyá ọmọ yẹn!"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi yóò dá owó yín padà."

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. "Ta ló bi yín léèrè owó? Ojú mi ni kó dá padà fún mi."

Ó gbé ike rẹ̀, ó lọ. Omi tí ìyá rẹ bù fún un, kò mu ún.

Ohun tó ń bẹ nílẹ̀ nìyẹn. Òwò tí obìnrin kan fi nǹkan bí ogójì ọdún kọ́, ìwọ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tì í dé etí kòtò. Nígbà tí mo sì sọ fún ọ, kí lo fi dá mi lóhùn? "Bàbá, mo ṣe wọ́n lóore ni. Ta ló tún ń kọlà lóde òní?" Oore! Ta ló bẹ̀ ọ́? Kò sẹ́ni tó ní kí o lọ kọlà fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò kọlà fún ọ, inú mi sì dùn pé mi ò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a má kọ ọ́ mọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Kí o pa èyí tó ti wà lójú ẹni ẹlẹ́ni rẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Èkínní, ìpinnu òbí ni. Èkejì, olè ni.

Má rò pé mò ń bínú torí mi ò mọ iṣẹ́ títún ojú ṣe. Iṣẹ́ mi ni. Kí wọ́n tó bí ọ, ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Ìbàdàn, mo tún wá lo ọdún méjì sí i lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kò kọ́ni ní nǹkan mìíràn ju títún ojú ṣe lórí nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ń ti ara rẹ̀ tẹ fọ́tò jáde. Pẹ́ńsù tí a gbẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fi dà bí abẹ́rẹ́, abẹ kékeré, àti awò tó ń sọ nǹkan di ńlá: ohun èlò wa nìyẹn. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń tún igun ojú nìkan ṣe kí ọ̀gá tó gbà kí n kan imú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìwọ ń fi ìka kan tẹ̀ tó ń lọ, ọ̀sán kan ni mo fi ń ṣe é. Torí náà, gbọ́ mi. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn mi dáadáa kí n tó mú bíró.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí kóòtù.

Lọ́jọ́ tí mo wá wò ọ́ kẹ́yìn, mo rìn láti garéèjì dé ṣọ́ọ̀bù rẹ, mo rí pátákó mẹ́ta tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Àkọ́kọ́, ọkùnrin tó ń lẹ táyà: kóòtù dúdú, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Èkejì, obìnrin tó ń ta irúgbìn àgbàdo: kóòtù dúdú, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹ̀kẹta, ọ̀gá ilé-ìwé aládàáni: kóòtù dúdú kan náà, bọ́tìnnì kan náà tó já lápá òsì. Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun ni wọ́n dá sílẹ̀ ni?" Ojú tì mí. Mo ní mi ò mọ̀.

Mo mọ ibi tí o ti jogún rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ṣakí, mo ní aago ọwọ́ kan tó ti kú. Gbogbo ọkùnrin tó bá wá ya fọ́tò, mo máa ń so ó mọ́ ọn lọ́wọ́ kó lè dà bí ẹni ńlá. Ó pẹ́ kí olùkọ́ kan tó wá, tó wo gbogbo fọ́tò tí mo gbé sínú gíláàsì lójúde, tó ní, "Làmídì, kí ló dé tó jẹ́ pé ogún ìṣẹ́jú ló máa ń kù kí aago mẹ́rin lù nílùú yìí?" Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pè mí ní Aago-Mẹ́rin fún ọdún kan. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun àyálò kì í bá ẹni tó yá a mu. Ẹni tó ń lẹ táyà tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, ọwọ́ yẹn ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. O wá fi kóòtù bò ó! Tí táyà mi bá jò lọ́nà Òkèhò, ṣé ẹni tó wọ kóòtù ni mo máa wá?

Torí náà, sọ kóòtù yẹn nù. Bó bá ṣòro fún ọ láti sọ ọ́ nù, gbé e fún ọ̀gá ilé-ìwé, ó lè jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí o tó ya ẹnikẹ́ni, lọ wò ó níbi iṣẹ́ rẹ̀. Má gbé kámẹ́rà dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jókòó. Wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nígbà tí kò rántí pé ẹnì kan ń wo òun. Ṣé o mọ̀ pé Ìyá Sùlé máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan òrí kó tó dì í, láti mọ̀ bóyá ó ti tutù tó? Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ó ń gbá òrí létí. Fọ́tò tó yẹ kó wà lórí ìdérí yẹn nìyẹn. O pè é wá sí Ìsẹ́yìn, o gbé e jókòó síwájú ògiri funfun, o ní kó rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò rẹ́rìn-ín fún ògiri?

Ìbéèrè kan sì wà tí mo fẹ́ kí o kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí o máa bi gbogbo oníbàárà kí o tó gbé kámẹ́rà: "Àwọn wo ló gbọ́dọ̀ dá yín mọ̀?" Má bi wọ́n pé báwo ni ẹ ṣe fẹ́ rí. Bí o bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ni yóò sọ pé òun fẹ́ rí bí ọmọ ogún ọdún. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé ta ló gbọ́dọ̀ dá a mọ̀, yóò ronú, yóò sì sọ òótọ́ fún ọ. Ìyá Sùlé ì bá ti sọ pé àwọn ìyá ọmọ ni, àwọn tí ìyá tiwọn náà ra òrí lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ bírándì tí o ń pariwo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọn ò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti sọ ọ́.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀. O ní o kò mọ̀ọ́mọ̀ sọ obìnrin náà di pupa, pé ó dúdú jù nínú fọ́tò ni, lo fi tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ di dúdú jù? Ìwọ ni. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ ọ́ fún ọ nígbà tí o wà níléèwé. Kámẹ́rà kò lọ́gbọ́n. Bó bá rí ògiri funfun rẹpẹtẹ, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Ẹni dúdú tó jókòó síwájú ògiri ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Ojú rẹ̀ yóò ṣú. Ìwọ yóò wá máa fi kọ̀ǹpútà fọ̀ ọ́, àwọ̀ yóò yí padà, yóò dà bí ẹni tó ń bóra. Ojú ẹni tí o ń yà ni kí o fi wọn ìmọ́lẹ̀, má fi ògiri wọ̀n ọ́n. Gbé e jókòó sábẹ́ ìbòòji ilé, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà títí oòrùn yóò fi gun òkè díẹ̀, tàbí lẹ́yìn Alásárì, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé ilà jáde, tó ń jẹ́ kí àwọ̀ dúdú máa dán bí ẹ̀kùrọ́. Ní àkókò ọyẹ́, tí eruku bá wà lójú ọ̀run, ìyẹn gan-an dára, torí eruku máa ń rọ oòrùn lójú. Nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, gbé kámẹ́rà rẹ sílẹ̀, lọ jẹun.

Èyí tó kàn ni òfin tí ọ̀gá mi fi lé mi lọ́wọ́, tí mo sì fi ń lé ìwọ náà lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ọ́, ha á sórí: ohun tí yóò kúrò lójú èèyàn fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, o lè yọ ọ́ kúrò. Ìrorẹ́, ojú tó pọ́n, ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́. Ohun tí yóò bá a dé sàréè, kì í ṣe tìrẹ láti yọ. Ilà, àpá, eyín tó ṣí, ojú tó fọ́: bi í léèrè. Bó bá ní kí o yọ ọ́, tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Bi òun fúnra rẹ̀ o! Mo gbọ́ pé o fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Sùlé lórí fóònù, Sùlé sì ní ó dára gan-an. Ṣé Sùlé ló ń ta òrí ni? Sùlé tó jẹ́ pé ìlú òkèèrè ló ń gbé, tó fẹ́ kí ìyá òun rí bí ìyá àwọn ọ̀rẹ́ òun! Ìyá kò ní fóònù ńlá, o wá gbà pé kò ní ẹnu. Àṣìṣe tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe ní gbogbo agbègbè wa yìí nìyẹn: ọmọ ni ẹ ń bá dúnàádúrà, ojú ìyá ni ẹ ń pa rẹ́. Tẹ fọ́tò sórí bébà, gbé e lọ fún un, fi lé e lọ́wọ́. Kó gbé e síta, kó wò ó nínú oòrùn. Bó bá ní, "Èmi nìyí," kí o tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìdérí. Bí kò bá sọ ọ́, iṣẹ́ rẹ kò tíì parí.

Lórí iye tí o ń gbà, mi ò ní sọ púpọ̀. Má bá àwọn tó ń yà á ní pọ́ọ́kú díje. Gba owó iṣẹ́ rẹ, kí o sì ṣe iṣẹ́ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Òun ni mo ti ń yí po láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ fọ́tò tó wà lókè ilẹ̀kùn pálọ̀ wa, ìyá tó wọ òfì, tí o sọ ní Ìyá Arẹwà nígbà tí o wà ní kékeré. Ìyá mi ni, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. O kò bá a láyé. Nígbà tí o wà ní bí ọmọ ọdún méje, o bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí gbogbo ìyá àgbà àdúgbò fi ní ilà, tí Ìyá Arẹwà ò ní?" Mo dá ọ lóhùn pé wọn ò kọ ọ́ fún un.

Irọ́ ni, Àjíkẹ́. Àbàjà mẹ́fà-mẹ́fà ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni. Mo fẹ́ gbé fọ́tò kan sínú gíláàsì lójúde kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ọ̀gá ti dé. Ìwọ ì bá pè é ní bírándì tèmi. Ìyá mi kì í ya fọ́tò. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ rí òun, kó wá sílé. Ṣùgbọ́n nítorí mi, ó wọ òfì rẹ̀, ó wá jókòó ní òwúrọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn máa ń pè mí ní ará òkè. Mo ronú pé bí ọ̀kan nínú wọn bá kọjá ní Ṣakí, tó rí ilà ìyá mi nínú gíláàsì, yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jókòó ti nẹ́gẹ́tíìfù yẹn fún ọjọ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀ rí.

Mo gbé fọ́tò náà fún ìyá mi. Ó dì í mú ní ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Ọmọ yìí mà dára o. Ọmọ ta ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Ó fi fọ́tò sílẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní òun ń relé. Kò jókòó fún mi mọ́ láé. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ó jáde láyé.

Lọ́jọ́ àdúà ogójì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ìgbòho. Àgbàlagbà ni, ọ̀pá ló fi ń rìn, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì ríran dáadáa. Ó ní, "Làmídì, wọ́n ní o ya àbúrò mi ní fọ́tò. Fi hàn mí." Abẹ́ fọ́tò náà gan-an ló dúró sí. Mo na ìka sí i. Ó gbé ojú sókè, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìyẹn kọ́. Ti àbúrò mi ni mò ń bèèrè."

Mo sáré wọ yàrá òkùnkùn mi, níbi tí mo ti ń fọ fọ́tò, lọ wá nẹ́gẹ́tíìfù yẹn, bí ẹni pé mo lè ṣe é padà. Ohun tó bá dúdú lójú èèyàn, funfun ló ń jẹ́ lórí nẹ́gẹ́tíìfù. Ohun tó bá ń dán, dúdú ni. Kòtò ilà tó ṣú, pẹ́ńsù ni mo fi dí i. Pẹ́ńsù ṣe é nù kúrò, mo sì nù ún. Ṣùgbọ́n etí ilà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kọ mànà, abẹ ni mo fi ha á. Ibi tí abẹ bá ti ha, ohun tó wà níbẹ̀ ti di eruku, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Kòtò láìsí etí kì í ṣe ilà. Kò sí ọ̀gá kankan tó lè dá a padà. Èmi ni ọ̀gá náà, mi ò sì lè dá a padà.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni a ní ti ìyá mi, òun kọ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Abẹ́ fọ́tò yẹn lo dàgbà sí. Láti ìgbà tí o ti ń dìde dúró ni mo ti ń fi ojú tí a nù hàn ọ́ pé òun ni ẹwà. Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí o ṣe fún Ìyá Sùlé. Bí mo ṣe ń bínú sí ọ láti àná, ìdajì rẹ̀, tèmi ni.

Ṣùgbọ́n gbọ́, ọmọ mi: o ní ohun tí mi ò ní. Àkọ́yà rẹ ṣì wà. Ilà obìnrin yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ ní pípé, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, títí di ọjọ́ Jímọ̀. Tọ́jú rẹ̀, òun àti gbogbo ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àlàmísì, gbé kámẹ́rà rẹ lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Kúnlẹ̀ fún Ìyá Sùlé, má ṣàlàyé ayé tó yí padà fún un. Gbé àkọ́yà náà fún un kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá gbà, jókòó tì í níbi tó ti ń ro òrí, kí o yà á lọ́tun. Bí wọ́n bá tẹ ìdérí tuntun tán, kí o bá a jókòó níwájú ọjà rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà kan gbáko, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún gbogbo ìyá ọmọ tó bá kọjá pé ìwọ ni o ṣe é, pé òrí kò ní àbùlà.

Mo fi bébà pupa kan sínú lẹ́tà yìí. Ṣí i jẹ́jẹ́. Nẹ́gẹ́tíìfù ìyá mi ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo fi hàn rí, ìyá rẹ pàápàá. Gbé e sókè sójú fèrèsé, kí o yí i díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú rẹ̀ kọjá. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, wàá rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Má yọ̀ pé o rí ilà ìyá àgbà rẹ. Ojú abẹ mi nìyẹn.

Bí o bá ti rí i, gbé e sílẹ̀, kí o lọ ṣí kọ̀ǹpútà rẹ.

Èmi ni, Làmídì, bàbá rẹ.